Bàbá Tó Ń Pọnmọ Nídìí Ẹ̀rọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ fi ẹ̀yìn ara yín ṣe ibùsùn ọmọ,

Mo kí yín láti Yábàá níbí. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹun, Tóyìn ọmọ mi àgbà ti bá àwọn ọmọ ojúlé kejì lọ ṣeré, àbúrò rẹ̀ Bísí sì ń sùn lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ yín ni mo gbé ìwé lé. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ohunkóhun lé e, ife omi lásán, ẹ ó ti máa pariwo. Ṣùgbọ́n tábìlì kan ṣoṣo tó wà nínú ilé, aṣọ iléèwé ọmọ ọlọ́mọ ló kún orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì fẹ́ dìde kí ọmọ má bàa jí.

Ọdún mẹ́fà ti kọjá tí ẹ ti lọ, mi ò sì kọ nǹkan kan sí yín rí. Nǹkan méjì ló mú mi jókòó lónìí. Ọ̀kan jẹ́ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí n kò lè sọ lójú yín títí ẹ fi kú. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìròyìn bẹ̀rẹ̀, ìyẹn rọrùn díẹ̀.

Ọkọ mi ò sí nílé. Iṣẹ́ rélùwéè tó ń ṣe ti gbé e lọ sí Jẹ́bà láti ìgbà òjò. Ó ń fi owó ránṣẹ́ bó ṣe lè mọ, ṣùgbọ́n ilé méjì ni owó kan ń bọ́ báyìí, nítorí náà iṣẹ́ aṣọ tí ẹ kọ́ mi ni mo fi ń dí ihò tó kù. Yàrá iwájú ni mo ti ń ṣe é, ojú fèrèsé tó kọjú sí títì. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́, kí n má parọ́ fún yín. Ọmọ ni kò jẹ́ kí n rí i ṣe.

Ẹ ò mọ Bísí. Ẹ ti lọ kó tó dé. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni, imú yín ló gbé wáyé, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbélẹ̀. Bọ́tìnnì ni oúnjẹ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́ sílẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ rí i. Lọ́jọ́ kan mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú kalẹ̀, mo yíjú báyìí láti mú aṣọ, kí n tó yíjú padà ó ti na ọwọ́ sí i. Ọlọ́run ló yọ wá, etí aṣọ rẹ̀ ni iná jó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ládùúgbò tí à ń pè ní Ìyá Ọlọ́mọ, tó ń bá àwa tá a ń ṣiṣẹ́ mójú tó ọmọ wa.

Ìyá Ọlọ́mọ dára, ṣùgbọ́n ó ti fowó lé owó. Ó ní gàrí ti wọ́n, ó ní ẹja Mákòkó pàápàá ti di ohun tí èèyàn ń fi ojú jẹ, kí ni kí òun máa fi bọ́ ọmọ mẹ́jọ? Mi ò lè bá a jà, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ bí mo bá rán gáùn mẹ́ta báyìí, owó méjì nínú rẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Ó wá dà bíi pé mò ń ránṣọ kí n lè rówó san fún ẹni tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ mi kí n lè ránṣọ. Ṣé ẹ rí i bí ó ṣe ń yí mi lórí?

Mo kọ ọ́ sí ọkọ mi. Èsì tó fi ránṣẹ́ ni pé ìyá òun á wá láti Ṣàgámù lọ́jọ́ Ẹtì wá mú Bísí lọ, níwọ̀n ìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú, kó wà lọ́hùn-ún títí yóò fi tó iléèwé lọ. Ó ní kí n di ẹrù ọmọ sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ọmọ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í rù. Ta ni kì í sì í fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà? Gbogbo obìnrin tó wà ní òpópónà yìí ló ń ṣe é. Mo ka ìwé náà tán, mo sọ fún ara mi pé kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Mo sì bú sẹ́kún.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí yín lójú mi lójoojúmọ́, Bàbá, bí ẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, tí orí Dàpọ̀ àbúrò mi á máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká yín.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ kéré nígbà náà? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni, nígbà tí èmi náà ti tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí Màmá bí Dàpọ̀ tí wọn ò sì dìde níbẹ̀ mọ́, ẹ ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ìyá Ràbí, ìyàwó oníṣọ̀nà awọ tó ń gbé ojúlé tó kọjú sí tiwa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Ràbí tirẹ̀, òun ló ń fún Dàpọ̀ lọ́mú láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Àkókò tó kù, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ fa ọ̀já Màmá yọ lórí okùn, ẹ tẹ̀ba, ẹ gbé ọmọ sẹ́yìn, ẹ sì so ó bí ẹni tó ń di igi ìdáná. Ìyá Ràbí ló sáré wọlé tú u, tó tún un so fún yín, tó ń rẹ́rìn-ín tó sì ń nu ojú.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò ò jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi. Wọ́n sọ yín ní Ìyá Dàpọ̀. Bí wọ́n bá ń lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á dúró lójú fèrèsé wa, wọ́n á pariwo pé, “Ìyá Dàpọ̀, ẹ kú ọwọ́ lómi o!” Ẹ̀yin náà á dá wọn lóhùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè: “Ẹ ṣé o. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ ire, ẹ máa lọ o, ọ̀gá yín ń retí yín.” Ẹ kì í gbójú sókè, ẹsẹ̀ yín kì í sì í dúró lórí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ yẹn! Dàpọ̀ ò lè sùn láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá ti dáwọ́ dúró, ẹkún dé. Bí iṣẹ́ ò bá wá sí i, ẹ ó yọ òwú kúrò lẹ́nu abẹ́rẹ́, ẹ ó sì máa tẹ ẹ̀rọ lófìfo kí ọmọ lè sùn. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ò mọ̀. Wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ láàárọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ lálẹ́, wọ́n ní télọ̀ yìí mà níṣẹ́ lọ́wọ́ o, ó ní láti mọ iṣẹ́ ni. Ni wọ́n bá ń kó aṣọ bọ̀. Ẹkún Dàpọ̀ ló sọ yín di télọ̀ ńlá, mo sì máa ń sọ fún un títí dòní pé gbèsè rẹ̀ là ń jẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ṣòkòtò akọ̀wé. Etí ọ̀já tó ń fì sílẹ̀ níwájú yín, ẹ ò mọ̀ pé ó ti bọ́ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ sì rán an mọ́ ìdí ṣòkòtò kakí ọkùnrin náà, rírán méjì tó le dáadáa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kánjú, ẹ dìde láti kí i, ṣòkòtò sì dìde tẹ̀ lé yín. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ikú Màmá nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń ki etí ọ̀já bọ inú àyà bùbá yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Mo rántí ọjọ́ tí àwọn ẹbí wá pín wa, lẹ́yìn ogójì ọjọ́ Màmá. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, Àǹtí Ìjẹ̀bú, ló ṣáájú wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í tọ́ ọ. Dàpọ̀ ṣì wà lẹ́nu ọmú, wọ́n ní tirẹ̀ á dúró, kí èmi kọ́kọ́ máa lọ ná. Ẹ ò jiyàn. Ẹ pè mí, ẹ mú okùn ìwọ̀n, ẹ wọn èjìká mi, ẹ wọn àyà mi, ẹ wọ̀n mí láti ọrùn dé orúnkún, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé aṣọ ìrìnàjò ni. Kò sí aṣọ kankan tí mo rí. Wọ́n mú mi lọ.

Oṣù méje ni mo lò ní Ìjẹ̀bú. Àǹtí ò fìyà jẹ mí, mo pọn omi, mo gbá ilẹ̀, mo gbé ọmọ wọn, mo jẹun yó. Ní oṣù kìíní, bí ẹnikẹ́ni bá wọ àgbàlá, mo máa ń rò pé ẹ̀yin ni. Ní oṣù kẹta mi ò wo ẹnu ọ̀nà mọ́. Mo gbà pé ẹ ti mú Dàpọ̀, ẹ sì ti fi mí sílẹ̀ fún igba èèyàn.

Ẹ wá dé lọ́sàn-án gangan, lọ́jọ́ ọjà. Eruku dé yín lórúnkún, nítorí ẹ ti wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ẹ̀jìnrìn, ẹ sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Àpò wà lọ́wọ́ yín. Dàpọ̀ wà lẹ́yìn yín nínú ọ̀já Màmá, ó ń sùn. Àwọn ọmọ tá a jọ ń ṣeré bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń sáré yí yín ká pé ẹ wá wo ọkùnrin tó pọnmọ. Ọ̀kan nínú wọn fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní, “Ṣé bàbá tìẹ kọ́ nìyẹn?”

Bàbá, mo ní, “Rárá. Mi ò mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́rùn mi nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹ ò jìnnà sí wa, ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni. Ṣé ẹ gbọ́? Ojú yín ò yí padà. Ẹ gbé àpò sílẹ̀, ẹ pe orúkọ mi, ẹ sì yọ aṣọ kan jáde, gáùn aláwọ̀ ewé tó ní kọ́là funfun, aṣọ tí ẹ ti wọ̀n mí sí láti oṣù méje. Ẹ bọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn níbẹ̀, kò kọjá èjìká. Mo ti ga. Ẹ wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ kó. Ẹ bá kúnlẹ̀ sínú eruku, ẹ tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, ẹ fi eyín já òwú, ẹ fa gbogbo àlékún aṣọ tí ẹ ká sínú rẹ̀ jáde, ẹ sì wá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Ọjọ́ kejì ni ẹ mú mi lọ. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ gbé Dàpọ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ẹ sì sùn. Mi ò rí i kẹ́ ẹ sùn lọ́sàn-án rí.

Ẹ ò bi mí léèrè rárá. Èmi náà ò bi yín ìdí tí ẹ fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ohun tí mo sọ àti ìbínú oṣù méje, mo dì wọ́n pọ̀, mo sì gbé wọn wọlé ọkọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo lọ kí Ìyá Ràbí. Ó ti kó lọ sí Múṣín lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi ló fi dá mi mọ̀. Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ Bísí fún un. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni mo ti já sí oṣù méje yẹn, tí mo ní ẹ̀yin náà ṣáà fi mí sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, mi ò sì kú. Ó na ọwọ́, ó gbá mi lẹ́sẹ̀.

Ó ní, “Pa ẹnu ẹ mọ́! Ta ló fi ẹ́ sílẹ̀? Ọmú mi ni Dàpọ̀ ń mu, bàbá ẹ ò gbà kó sun ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, ọ̀nà Ìjẹ̀bú sì jìn. Báwo ni bàbá ẹ ṣe fẹ́ gbé ọmọ tí kò tíì mu ẹ̀kọ wọ ọkọ̀ ojú omi? Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń po ẹ̀kọ, á fi ṣíbí fún un. Dàpọ̀ á bì í. Bàbá ẹ á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, á ní, ‘Ìyá Ràbí, ṣé a ò wá ní lè lọ lọ́sẹ̀ yìí náà?’ Ọjọ́ tí ọmọ yẹn mu ẹ̀kọ kún ago tí kò bì í, kò jẹ́ kí ilẹ̀ kejì mọ́ dáadáa kó tó lọ mú ẹ.”

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Bàbá. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?

Ó tún sọ pé òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín rí lórí ọmú náà, pé wàrà kì í ṣe ọjà, ṣùgbọ́n kò sí Iléyá kan tí ẹ ò rán aṣọ tuntun fún Ràbí, títí dé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Mo mọ̀ nípa aṣọ wọ̀nyẹn. Èmi ni mo ń rán etí wọn. Mo rò pé ẹ kàn fẹ́ràn Ràbí ni.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Múṣín dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ọlọ́mọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo san tirẹ̀, mo gbé ọmọ mi. Nígbà tí mo délé, mo fa ọ̀já yọ, mo pọn Bísí, mo ki etí ọ̀já bọ àyà, mo jókòó ti ẹ̀rọ. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ó ṣòro. Ọjọ́ kìíní, mo rán kọ́là sódì. Ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn ń ro mí débi pé mi ò lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́jọ́ kan ti di ti ọjọ́ méjì. Báwo lẹ ṣe ṣe é, ẹ̀yin tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ní ọmọ pípọ̀n? Mo mọ èèyàn púpọ̀ báyìí tí wọ́n ń pè ní akọni. Mi ò tíì rí èyí tó tó yín.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kó ẹrù ọmọ dání. Mo ti yọ òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́ nígbà náà, mò ń tẹ ẹ̀rọ lófìfo kí Bísí lè sùn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn bí ọmọ ṣe wà lẹ́yìn mi, mo padà síbi ẹ̀rọ, mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n wo abẹ́rẹ́ títí.

“Ìyàwó, kò sí òwú nínú nǹkan yìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ọmọ ni mò ń fi rẹ̀.”

“Ẹrù rẹ̀ dà? Mo ní kí ọkọ rẹ kọ̀wé sí ẹ.”

“Ó kọ ọ́, Màmá. Ẹ má bínú. Mi ò dì í.”

Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò dúró. Wọ́n wá tọ́ka sí ọ̀já, wọ́n tọ́ka sí ẹ̀rọ, wọ́n ní, “Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí? Irú obìnrin wo ló ń pọnmọ ránṣọ?”

Mo ní, “Kì í ṣe obìnrin, Màmá. Bàbá mi ni. Bàbá mi ló pọnmọ ránṣọ, òun ló pọn ọmọ wá sí Ìjẹ̀bú wá mú mi. Bàbá mi ni!”

Mo pariwo rẹ̀ débi pé Bísí ta jí, ó figbe ta, gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ látàárọ̀ sì bàjẹ́. Ìyá ọkọ mi wò mí. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tú ọ̀já lára mi, wọ́n ní mo so ó kalẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń ro mí, wọ́n sì tún un so. Nígbà tí wọ́n ń lọ lánàá, òfìfo ni apẹ̀rẹ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn fún mi di Kérésì, bí mo bá ti rù ju báyìí lọ, àwọn ò ní bi mí kí àwọn tó gbé ọmọ. Èsì ọkọ mi ò tíì dé. Mi ò mọ ohun tó máa sọ, mi ò sì mọ̀ bóyá mo lè ṣe é di Kérésì.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ tọjọ́ Ìjẹ̀bú yẹn, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti ọjọ́ Ẹtì náà.

Màá ká ìwé yìí sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ yín, níbi tí ẹ máa ń kó bọ́tìnnì sí, nítorí Bísí ò tíì mọ̀ ọ́n ṣí. Ó ti ń mira lẹ́yìn mi. Ẹ jẹ́ kí n máa tẹ ẹ̀rọ lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó mọ̀ yín dáadáa.